Irin Tí Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Iná: Ìtàn Sítíìlì Èlò Iṣẹ́ Gbígbóná láti Ọdún 1868

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá ti dúró wo alágbẹ̀dẹ lẹ́nu iṣẹ́ yóò ti ṣe àkíyèsí pé láti ìgbà dé ìgbà ni ó máa ń ti ẹ̀mú rẹ̀ bọ omi. Kì í ṣe pé ẹ̀mú náà dọ̀tí. Irin tí ó fi ń di irin gbígbóná mú ti ń gbóná pẹ̀lú. Bí ó bá sì gbóná jù, yóò rọ̀, ẹnu rẹ̀ yóò sì wọ́. Ìṣòro kékeré ni èyí ní ilé àgbẹ̀dẹ, nítorí pé omi wà nítòsí, iṣẹ́ kò sì fi bẹ́ẹ̀ kán ènìyàn lójú. Ṣùgbọ́n ní ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti ń fi irin tẹ irin pupa láti òwúrọ̀ di alẹ́, tàbí tí wọ́n ti ń fi agbára ẹ̀rọ ti alumíníọ̀mù yíyọ́ sínú ohun ìdàrin kan náà ní ìgbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ìṣòro yìí gan-an ni ó ń pinnu bóyá ilé-iṣẹ́ náà yóò jèrè tàbí yóò kógbá wọlé. Irin wo ni ènìyàn lè fi ṣe èlò tí yóò máa mọ irin gbígbóná, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì ní rọ̀?

Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni irú sítíìlì tí a lè pè ní sítíìlì èlò iṣẹ́ gbígbóná. Àwọn ìwé tí ó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ sábà máa ń to àwọn èròjà tí ó wà nínú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹni pé ní ọjọ́ tí wọ́n rí àwọn èròjà náà ni ọ̀rọ̀ parí. Ìtàn kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú àwọn èròjà wọ̀nyí ti wà lọ́wọ́ àwọn aṣiṣẹ́-irin fún ọgbọ̀n ọdún kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìwọ̀n iná tí ó yẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n tán, ó tún gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbà pé líle nìkan kò tó fún irin tí ń bá iná gbé. Ìtàn iná ni ìtàn yìí ju ìtàn irin lọ.

Sítíìlì àti omi

Sítíìlì ni irin tí kábọ́ọ̀nù díẹ̀ wọ̀ lára. Kábọ́ọ̀nù yìí kan náà ni èédú. Bí ó bá kéré púpọ̀ nínú irin, irin náà yóò rọ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, irin náà yóò máa fọ́ bí ìkòkò. Nínú sítíìlì tí àwọn ènìyàn àtijọ́ fi ń ṣe ọ̀bẹ àti ayùn, kábọ́ọ̀nù kò ju nǹkan bí ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Benjamin Huntsman, alágogo ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń wá irin dáradára tí yóò fi ṣe sípíríǹgì agogo, ni ó fi ọ̀nà yíyọ́ sítíìlì nínú ìkòkò amọ̀ lélẹ̀ nítòsí Sheffield ní nǹkan bí ọdún 1740 sí 1750. Láti ìgbà náà ni orúkọ Sheffield ti kàn káàkiri ayé nínú ọ̀rọ̀ irin ìṣiṣẹ́.

Bí wọ́n bá fẹ́ kí irú sítíìlì yìí le, wọn a yá a níná títí yóò fi pọ́n, wọn a sì tì í bọ omi lójijì. Yóò le gan-an, ṣùgbọ́n yóò máa ṣẹ́. Nítorí náà ni wọn a ṣe tún un yá níná díẹ̀, ní nǹkan bí 200°C sí 300°C, kí ó lè fi díẹ̀ nínú líle rẹ̀ sílẹ̀ kí ó sì ní ìfaradà. Iṣẹ́ kejì yìí ni a lè pè ní ìtúnyáná. Nínú rẹ̀ ni gbogbo ìṣòro iṣẹ́ gbígbóná wà. Irin tí wọ́n tún yá ní 250°C, tí iṣẹ́ sì mú kí ó gbóná dé 500°C, kò mọ̀ pé iṣẹ́ ni òun ń ṣe. Lójú tirẹ̀, ìtúnyáná ni ó ń bá a lọ, yóò sì máa rọ̀ sí i. Kò sí bí alágbẹ̀dẹ ti mọ iṣẹ́ tó tí ó lè yí èyí padà níwọ̀n ìgbà tí irin àti kábọ́ọ̀nù nìkan bá wà níbẹ̀.

Mushet àti àṣírí rẹ̀

Robert Forester Mushet ni ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn náà díẹ̀. Ní ọdún 1811 ni wọ́n bí i ní Coleford, ní agbègbè Forest of Dean ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aṣiṣẹ́-irin ni David Mushet baba rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Scotland. Kí ènìyàn tó lè mọ ìdí tí Robert Mushet fi ṣe ohun tí ó ṣe ní 1868, ó yẹ kí ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí ṣáájú.

Ní 1856 ni Henry Bessemer kéde ọ̀nà tí ó fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú irin yíyọ́ kí ó lè di sítíìlì ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ayé pariwo, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn mìíràn dán an wò, irin tí ó jáde kò ṣe é rọ. Ó ń ya. Mushet ni ó rí àtúnṣe rẹ̀: kí wọ́n fi àdàlù irin tí manganese wà nínú rẹ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fẹ́ ẹ tán. Ó gba ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ lọ́wọ́ ìjọba lórí rẹ̀. Ní 1859 ìwé ẹ̀tọ́ náà kú nítorí pé àwọn tí ó wà ní ìkáwọ́ wọn kò san owó òǹtẹ̀ tí ó tó àkókò. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ayé ló ń lo ọgbọ́n Mushet láìsan kọ́bọ̀. Bessemer di olówó ńlá. Mushet wà nínú gbèsè àti àìsàn. Ní 1866, Mary ọmọ Mushet, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, dá wọkọ̀ lọ sí London, ó lọ bá Bessemer nílé, ó sì sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé orí ọgbọ́n baba òun ni ọrọ̀ rẹ̀ dúró lé. Lẹ́yìn èyí ni Bessemer bẹ̀rẹ̀ sí í san £300 fún Mushet lọ́dọọdún. Bessemer kò gbà pé òun jẹ gbèsè lábẹ́ òfin, bẹ́ẹ̀ ni owó náà kò sì dúró títí Mushet fi kú ní 1891. Ẹni tí kò jẹ gbèsè kì í sábà san irú owó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún méjì, Mushet ń dán oríṣiríṣi àpòpọ̀ irin wò ní ilé-iṣẹ́ kékeré rẹ̀ nínú igbó náà. Ó rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá irin tí ó rọ le láìjẹ́ pé wọ́n tì í bọ omi. Afẹ́fẹ́ lásán ni ó tutù nínú rẹ̀, síbẹ̀ ayùn kò ràn án. Tungsten ni ó wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe Mushet ni ó kọ́kọ́ po tungsten mọ́ irin, nítorí wọ́n ti ń dán an wò ní ilẹ̀ Austria ṣáájú ìgbà náà. Ṣùgbọ́n òun ni ó rí i pé bí tungsten, manganese àti kábọ́ọ̀nù tí ó pọ̀ bá pàdé, irin náà yóò máa le fúnra rẹ̀. Nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni tungsten. Ní 1868 ni ó gbé e jáde, tí ó pè é ní sítíìlì pàtàkì ti R. Mushet. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, ilé-iṣẹ́ Samuel Osborn ní Sheffield ni ó bá a ṣe é tà.

Mushet kò gba ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ lórí èyí. Ó fi àpòpọ̀ rẹ̀ ṣe àṣírí. Lẹ́yìn ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́dún 1859, ta ni yóò bá a wí? Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi pamọ́, àwọn ẹlòmíràn kò lè bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Fún ọgbọ̀n ọdún ni àwọn ilé-iṣẹ́ fi ra irin Mushet, tí wọ́n sì ń tẹ̀ lé ìlànà tí ó bá a wá: ẹ má yá a níná jù, ẹ má sì tì í bọ omi. Ìlànà kejì tọ̀nà. Ti àkọ́kọ́ ni ó di ọgbọ́n inú irin náà lójú, nítorí pé ó bá ohun tí àwọn alágbẹ̀dẹ ti gbà gbọ́ láti ìran dé ìran mu, pé sítíìlì tí iná bá jó kọjá ààlà ti kú.

Ẹgbẹ́ Irin àti Sítíìlì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Mushet ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà ní 1876. Orúkọ Bessemer ni àmì-ẹ̀yẹ náà ń jẹ́, ìyẹn sì tó ìyàlẹ́nu. (Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ yìí kan náà ni ó tẹ ìròyìn C. V. Bellamy jáde ní 1904 lórí bí wọ́n ti ń yọ́ irin ní agbègbè Ọ̀yọ́, ìròyìn tí àwọn òpìtàn ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń lò.)

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Bethlehem

Ní 1898, Frederick Winslow Taylor, tí ayé mọ̀ sí ẹni tí ń fi agogo wọn iṣẹ́ òṣìṣẹ́, wà ní ilé-iṣẹ́ irin Bethlehem ní Pennsylvania, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ tí ó gbé lé ọwọ́ rẹ̀ ni láti yan irú sítíìlì kan ṣoṣo tí gbogbo ilé-iṣẹ́ náà yóò máa fi ṣe ọ̀bẹ ẹ̀rọ tí ń fá irin. Ó dán oríṣiríṣi wò, ó yan èyí tí ó dára jù, ó sì pe àwọn ọ̀gá jọ láti wá wò ó. Lójú gbogbo wọn ni ọ̀bẹ tí ó yàn ti kùnà pátápátá. Àwọn tí ó ti sọ pé kò dára ni ó borí rẹ̀.

Wọ́n fura pé alágbẹ̀dẹ ti yá ọ̀bẹ náà níná jù. Kí wọ́n lè mọ bí ìpalára náà ti tó, Taylor àti Maunsel White, onímọ̀ irin ilé-iṣẹ́ náà, pinnu láti mọ̀ọ́mọ̀ ba àwọn ọ̀bẹ jẹ́: wọn yóò yá ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n iná tí ó ga ju ti èkejì lọ, wọn yóò sì wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń fá irin sí. Bí wọ́n ti rò ni ó kọ́kọ́ rí. Láti nǹkan bí 845°C lọ sókè, ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ibẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tí ó bọ̀wọ̀ fún àṣà alágbẹ̀dẹ ì bá ti dá iṣẹ́ dúró. Àwọn kò dúró. Nígbà tí iná kọjá nǹkan bí 940°C, ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sàn. Bí iná ti ń ga sí i ni ọ̀bẹ ń dára sí i, títí tí ó fi kù díẹ̀ kí irin náà yọ́. Ọ̀bẹ tí wọ́n yá dé ibẹ̀ ni ó dára jù lọ.

Níbi Ìpàtẹ Àgbáyé ní Paris ní 1900, àwọn àlejò rí ọ̀bẹ Bethlehem tí ẹnu rẹ̀ pọ́n bí ẹyín iná tí ó sì ń fá irin lọ láìrọ̀. Àwọn ará Sheffield wà lára àwọn tí ó wò ó. Àwọn ènìyàn tí wọ́n ti ní irin náà nílé láti ọgbọ̀n ọdún wá lọ rí i ní Paris pé àwọn kò tíì mọ̀ ọ́n lò.

Taylor àti White gba ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ ní 1901. Nígbà tí Bethlehem pe ilé-iṣẹ́ mìíràn lẹ́jọ́, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní New Jersey dájọ́ ní 1909 pé ìwé ẹ̀tọ́ náà kò dúró, nítorí pé ohun tí wọ́n ṣe kò jẹ́ tuntun tó. Bóyá ìdájọ́ náà tọ́ lójú òfin, ó ṣòro fún ẹni tí ó bá ka ìtàn àwọn ọ̀bẹ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bà jẹ́ wọ̀nyí láti gbà pé ẹnìkan ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Mushet pa tirẹ̀ mọ́. Taylor kọ tirẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé nínú àpilẹ̀kọ ńlá kan ní 1906. Kò sí èyí tí ó di ọrọ̀ tí olúwarẹ̀ ń retí mú nínú ọ̀nà méjèèjì.

Ìdí tí iná gíga fi ń wo sítíìlì sàn kò hàn kíákíá. Zay Jeffries àti Edgar Bain ni wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ dáradára ní 1923. Tungsten, chromium àti vanadium máa ń fẹ́ kábọ́ọ̀nù, wọ́n sì máa ń bá a di hóró líle. Ní iná kékeré, àwọn hóró wọ̀nyí dúró bí òkúta nínú irin, wọn kò ṣe iṣẹ́ kankan. Ní iná gíga, wọ́n yòrò. Nígbà tí irin náà bá tutù, tí wọ́n sì tún un yá ní nǹkan bí 550°C, wọ́n tún jáde, ṣùgbọ́n nísinsìnyí wọ́n kéré débi pé ojú kò lè rí wọn, wọ́n sì pọ̀ lọ súà. Àwọn hóró wíńníwínní yìí ni wọn kò jẹ́ kí irin rọ̀. Ìtúnyáná tí ń sọ sítíìlì àtijọ́ di ọ̀lẹ ni ó wá ń mú tuntun le sí i. Sítíìlì tí wọ́n ti tún yá ní 550°C kò sì níláti bẹ̀rù iṣẹ́ tí yóò mú un gbóná dé 500°C.

Láti ọ̀bẹ dé mọ́ọ̀dù

Ọ̀bẹ ìfárin ni gbogbo èyí kọ́kọ́ wà fún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gbígbóná mìíràn ti ń dìde. Ní 1894 ni Alexander Dick gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ tí ń fi agbára ti idẹ gbígbóná gba ojú ihò jáde, bí ìgbà tí ènìyàn ń fún nǹkan jáde láti inú ike. Irin tí ihò náà wà nínú rẹ̀ ń jìyà. Wọ́n mú sítíìlì ọ̀bẹ, wọ́n dín kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kù sí nǹkan bí ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún kí ó má baà máa ṣẹ́, wọ́n sì dín tungsten kù sí ìdá 9. Èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fún ní orúkọ H21 lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn nìyí. Ó dára fún idẹ.

Alumíníọ̀mù ni ó tú àṣírí rẹ̀. Àwọn tí ń da ìkòkò alumíníọ̀mù ní ilẹ̀ Yorùbá ń lo iyanrìn. Bí ìkòkò kan bá ti jáde, wọn a fọ́ iyanrìn náà, wọn a sì tún òmíràn tẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1914 ni àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi agbára ti alumíníọ̀mù yíyọ́ sínú mọ́ọ̀dù irin tí kì í fọ́, tí ń ṣí tí ó sì ń pa dé bí àpótí. Ooru alumíníọ̀mù yíyọ́ lé ní 660°C. Ó wọlé, ó dì, wọ́n ṣí i, wọ́n fi omi tu ojú rẹ̀, wọ́n tún pa á dé. Bẹ́ẹ̀ ni ojú mọ́ọ̀dù ń gbóná tí ó ń tutù lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Nígbà tí ojú rẹ̀ bá gbóná, ó fẹ́ wú, inú rẹ̀ tí ó tutù kò jẹ́ kí ó wú. Nígbà tí omi bá dà sí i, ó fẹ́ sún kì, inú rẹ̀ tí ó gbóná kò jẹ́. Lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, ojú mọ́ọ̀dù a sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ àbàtà tí ọ̀dá mú, gbogbo ojú sísán náà a sì máa hàn lára ohun tí wọ́n bá dà.

Sítíìlì onítungsten, tí líle rẹ̀ nínú iná kò láfiwé, ni èyí ń bà jẹ́ kíákíá. Omi kan ṣoṣo lè là á. Ohun tí mọ́ọ̀dù nílò ni ìfaradà. Láàárín ogun àgbáyé méjèèjì ni wọ́n rí i pé ìdá 5 chromium, molybdenum díẹ̀ àti vanadium díẹ̀, pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 0.4 kábọ́ọ̀nù, sàn fún iṣẹ́ yìí ju gbogbo tungsten ayé lọ. Nínú ìdílé yìí ni H11 àti H13 wà. Líle H13 nínú iná kò tó ti H21, síbẹ̀ òun ni ó gba ọjà.

Kì í ṣe ìmọ̀ nìkan ni ó ti tungsten sẹ́yìn. Nígbà tí ogun bẹ́ ní 1914, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilẹ̀ ọba rẹ̀ ni wọ́n ti ń wa òkúta tungsten, ní Burma pàápàá, ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ń kó o lọ fún yíyọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ Sheffield ní láti kó owó jọ kíákíá láti dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Widnes. Nígbà ogun kejì, tungsten ilẹ̀ China kò tún ṣe é gbójú lé mọ́, Amẹ́ríkà sì yíjú sí molybdenum tí ó pọ̀ ní òkè Climax ní Colorado. Ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí tungsten ń ṣe.

Bí wọ́n ti ń yá H13 níná

Wọ́n kì í sáré yá a. Wọn a kọ́kọ́ jẹ́ kí gbogbo ara mọ́ọ̀dù gbóná déédéé ní nǹkan bí 815°C, kí inú àti ẹ̀yìn rẹ̀ lè bá ara wọn dọ́gba, kí wọ́n tó gbé e lọ sí nǹkan bí 1010°C sí 1040°C. Kò pẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù, hóró irin náà yóò tóbi, ìfaradà rẹ̀ yóò sì dín kù. Vanadium ni kì í jẹ́ kí ó tètè tóbi. Lẹ́yìn náà wọn a fi afẹ́fẹ́ tàbí gáàsì tù ú. Kí ó tó tutù pátápátá, nígbà tí ọwọ́ ṣì lè gbà á, wọn a ti bẹ̀rẹ̀ ìtúnyáná, nítorí pé mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì lè là fúnra rẹ̀ lóru.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń tún un yá ó kéré tán, láàárín 540°C àti 620°C. Ẹni tí kò mọ̀ a máa rò pé àṣejù ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí irin náà kọ́kọ́ tutù, apá kan lára rẹ̀ kò tíì yí padà di líle. Ìtúnyáná àkọ́kọ́ ni ó ń tú u sílẹ̀, bí ó bá sì ti ń tutù láti ibẹ̀ ni apá náà yóò yí padà, tuntun àti ẹlẹgẹ́. Apá tuntun yìí ni ìtúnyáná kejì wà fún. Ìwọ̀n líle tí wọ́n ń wá fún mọ́ọ̀dù alumíníọ̀mù kò sábà ju 44 sí 50 lọ lórí òṣùwọ̀n Rockwell C, nígbà tí ọ̀bẹ ìfárin lè ju 60 lọ. Kí wọ́n tó da irin àkọ́kọ́ sínú mọ́ọ̀dù láàárọ̀, wọn a yá òun náà dé nǹkan bí 200°C, nítorí pé mọ́ọ̀dù tútù ni alumíníọ̀mù ń là.

Àpòpọ̀ H13 kò tíì yí padà púpọ̀. Ohun tí ó yí padà ni mímọ́ irin náà: imí-ọjọ́ inú rẹ̀ ti dín kù gidigidi, wọ́n sì ń tún un yọ́ lẹ́ẹ̀kejì kí ìdọ̀tí lè jáde. Láti ọdún 2020 ni ilé-iṣẹ́ Tesla ti ń fi ẹ̀rọ da abẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lódindi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ti ń fi ọ̀pọ̀ páànù jó pọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ẹ̀yà mọ́ọ̀dù irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nípọn débi pé nígbà tí gáàsì bá ti tu ojú wọn, àárín wọn ṣì ń gbóná. Bí àárín náà bá sì pẹ́ jù kí ó tó tutù, kì í ní ìfaradà tí ojú ní, bí àpòpọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.